Ọjọ́ Tí Ìlú Kí Rájí Lójúlé

                                        Ilé Olúrántí,
                                        Àdúgbò Òkè-Ọjà,
                                        Ìsàgbé-Èkìtì,
                                        Nípasẹ̀ Ìjerò.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1963.

Jacob, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá Mojísọ́lá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti gbọ́ oògùn? Mojísọ́lá fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ń jẹ́ kó rójú sùn? Mo kí ọ kú iṣẹ́ ọ́fíìsì, mo kí ọ kú ariwo Ìbàdàn, mo sì kí ọ kú ìmúrasílẹ̀ ọyẹ́ tó ń bọ̀. Bí o bá ń béèrè wa, a wà láàyè, a ń jẹun, a sì ń jiyàn. Ìyàwó mi ní kí n sọ fún ọ pé ìwúkọ́ mi ti lọ, ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì wà níbẹ̀ digbí. Kòkó ọdún yìí ṣe dáadáa díẹ̀. Òrùlé tó ń jò ní yàrá àlejò náà ti gba àtúnṣe, nítorí náà o kò ní àwíjàre kankan mọ́ tí o kò fi ní í wá kí wa lọ́dún Kérésì.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ìjọ yín ti pè ọ́ kí o wá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ìjọba tí ọ̀pọ̀ èrò ń hó fún àti ìjọba olómìnira tí gbogbo wa ń gbọ́ lórí rédíò láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù tó kọjá, bóyá ọ̀kan náà ni wọ́n tàbí wọ́n yàtọ̀. O fi ọ̀rọ̀ tí o ti kọ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ka ojú-ìwé àkọ́kọ́ lórí ìjókòó. Mo ka èkejì lórí ìdúró, kí oorun má baà gbé mi lọ. Ọ̀rẹ́ mi, àwọn ará Gíríìsì àti àwọn ará Róòmù tí o kó jọ síbẹ̀ pọ̀ ju àwọn ọmọ ìjọ tí yóò gbọ́ ọ lọ. Lẹ́yìn náà ni o wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi: nísinsìnyí tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì kò sí lórí wa mọ́, tí a sì ti di ripọ́blíkì, ṣé ohunkóhun tí àwọn ará ìlú bá ṣáà ti fẹ́ ni yóò máa jẹ́ òfin? Àti pé kí ni a ó wá fi àwọn ọba wa ṣe?

Ìwé ni mo fẹ́ fi dá ọ lóhùn tẹ́lẹ̀. Mo ti gbé díẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí pẹpẹ, mo ti nu eruku ara wọn. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní ìlú yìí ní Sátidé tó kọjá, mo sì dá àwọn ìwé náà padà sí àyè wọn. Jacob, pẹ̀lú gbogbo bí mo ti dàgbà tó yìí, n kò rí irú rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú tí wọ́n bí i sí. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí.

O rántí pé lọ́rì kì í wọ ọjà wa. Oríta tó lọ sí Ara-Èkìtì ni wọ́n ń já ẹrù sí, àwọn obìnrin yóò wá rù ú gun òkè. Lóṣù kẹsàn-án, Elizabeth, ìyàwó Gbádégẹṣin tó ń ta epo, rọbí lóru, ọmọ kò sì wá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tẹ́ ẹ sórí pákó, wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí oríta kí ọkọ̀ lè gbé e dé Ìjerò. Ọ̀nà náà ni ọmọ náà kú sí. Láti ọjọ́ yẹn ni ìlú ti ní àfi kí ọ̀nà mọ́tò dé ọjà kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Kò sí ẹni tó jẹ́ bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì péré ló wà. Ọ̀kan gba ẹ̀yìn ọjà, àpáta ńlá sì dábùú rẹ̀. A ó ní láti máa dáná lé àpáta náà, kí a máa da omi sí i, kí a sì máa fọ́ ọ títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Èkejì tọ́ gbọnrangandan, ọ̀sẹ̀ bí mélòó kan ló máa gbà. Ilé Rájí ló dúró láàárín rẹ̀.

Rájí télọ̀ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi ni mo ń sọ. Ìkìrun ni òun àti ìyá rẹ̀ ti wá nígbà tí ìwọ àti èmi ṣì jẹ́ tíṣà kéékèèké. Ọba tó wàjà ló fún wọn nílẹ̀. Òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó ìdajì ìlú yìí, òun náà ló sì rán súútù tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, èyí tí o ní apá rẹ̀ gùn bí ìwàásù. Ìyá rẹ̀ kú síbí. Ẹ̀gbẹ́ ilé náà ni wọ́n sin ín sí, lábẹ́ fèrèsé yàrá tí Rájí ti ń ránṣọ. Kò ní ẹbí kankan níbí tó lè gbẹnu sọ fún un láwùjọ.

Ẹni tó ń darí ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ni Francis Bọ́lárìnwá. Bí o kò bá rántí ojú rẹ̀, wàá rántí ohùn rẹ̀. Òun ni káfíńtà tó lọ ogun Bọ́mà, tó fi àmì ẹ̀yẹ kan sáyà bọ̀, pẹ̀lú ohùn tó lè pe ewúrẹ́ wálé láti Ìlórò. Onípáànù kan tún bá a ká páànù bí ìwo ńlá, ìyẹn ló ń gbé sẹ́nu bó bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀. Ẹnu-Ìlú ni wọ́n ń pè é. Má rò pé èké ni, Jacob. Ó ń kan pósí fún òtòṣì láìgba kọ́bọ̀. Bí iṣẹ́ ìlú bá ti yọ, òun ló ń kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nípa rẹ̀ gan-an nìyẹn: ó fẹ́ràn ìlú, ìlú sì fẹ́ràn rẹ̀, títí kò fi mọ ibi tí òun parí sí àti ibi tí ìlú ti bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ a pàdé níwájú ààfin. Kábíyèsí jókòó lórí àga. Rótìmí, akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé tó máa ń so táì nínú oòrùn ọ̀sán, dìde pẹ̀lú ìwé òfin ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ó ní ìpín kẹrin, abala kejì, sọ pé a kò lè gba ilé ẹnikẹ́ni àfi kí ìgbìmọ̀ kan jókòó lé e, kí ìgbìmọ̀ mìíràn sì wá jókòó lé ohun tí ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ bá sọ. Òótọ́ ló ń sọ. Èmi ni mo bá wọn kọ ìwé náà, òfin tó dára ni, ṣùgbọ́n bí a ṣe kọ ọ́, àfi kí ènìyàn kọ́kọ́ mumi kó tó lè kà á dópin.

Francis gbé páànù sẹ́nu.

“Ẹ̀yin ará mi, ta ló ti ka ìwé yẹn rí nínú yín?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ta ló ti ru uṣu láti oríta dé ọjà rí?”

Gbogbo ọwọ́ lọ sókè.

“Nígbà náà, èwo ni ìlú nínú méjèèjì? Ṣé ìwé ni àbí ọrùn?”

“Ọrùn ni!”

“Àṣà àwọn baba wa tó fún wa lófin. Láti òní lọ, àṣà la ó máa tẹ̀lé, kì í ṣe ìwé àwọn olówó-oṣù.”

Rótìmí jókòó, ó ń tú táì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Francis wá béèrè àwọn tó fẹ́ kí ọ̀nà gba ilé Rájí kọjá. Jacob, ọwọ́ tó lọ sókè ṣú bí igbó. Ariwo náà mi páànù orí ààfin. Kábíyèsí wo èrò náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sókè. Èmi kò na ọwọ́, ṣùgbọ́n ta ni ìbá rí ọwọ́ tí kò lọ sókè nínú irú ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Rájí jókòó sórí gbòǹgbò igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́ orúnkún. Ó ń wo àwọn ọwọ́ náà. Kò sí apá aṣọ kan níbẹ̀ tí kò mọ̀, òun ló rán èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bí ìwọ náà bá wà níbẹ̀, ohun tí wàá rò nìyẹn, nítorí gbogbo èrò ti fẹnu kò, olórí wọn ti sọ̀rọ̀, ọba ti gbà. Bí kì í bá ṣe ìyẹn ni ìfẹ́ ará ìlú, n kò mọ ohun tó tún ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Màmá Hannah, olórí àwọn obìnrin Òkè-Ọjà, ló dìde. O mọ̀ ọ́n, ìyá tó bọ́ bàtà sọ́wọ́ tẹ̀lé ọ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún tí o wàásù gùn. Ọwọ́ rẹ̀ tó nà ṣì wà lókè.

“Francis, mo fẹ́ ọ̀nà yìí jù ọ́ lọ. Èmi ni mò ń fi ọrùn ru uṣu, ẹnu ni ìwọ fi ń rù ú.”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Francis náà rẹ́rìn-ín, nítorí ó bọ̀wọ̀ fún un.

“Ṣùgbọ́n o ní àṣà la ó máa tẹ̀lé. Ìkí-ojúlé ńkọ́?”

Àwọn ọ̀dọ́ ń wo ojú ara wọn. Kábíyèsí fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé. Ó ní nílùú yìí, ẹni tó bá ní kí a gba ilé tàbí ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ kí onílé náà lójúlé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò gbọdọ̀ rán ẹnikẹ́ni. Onílé yóò jókòó, ẹni tó wá yóò dúró, yóò kí i bó ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀, yóò sì sọ fún un lójúkojú pé òun wà lára àwọn tó ní kí wọ́n gbà á. Bó bá ti sọ ọ́ tán, kó ju ekùrọ́ kan sínú igbá tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí igbá bá kún kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ ti di ṣíṣe. Bí kò bá kún, kí kálukú gbàgbé pé òun na ọwọ́. Ó ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣe é kẹ́yìn, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fẹ́ gba ilé ẹnikẹ́ni.

Francis kò janpata. Ó ní kí ọ̀sán tó pọ́n lọ́la, igbá yóò ti kún ní ìgbà mẹ́ta. Mo rò bẹ́ẹ̀ náà.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́, Rájí kọjá wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi jókòó. N kò mọ bí ènìyàn ṣe ń jókòó kí àgbàlagbà dúró.” Mo tẹ̀lé e. Àtinúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti gbé ìkòkò omi àti ife sí ẹ̀gbẹ́ igbá náà, ó sì ń bínú sí ìkòkò náà.

“Kí n fún wọn lómi mu kí wọ́n lè lágbára wó ilé mi?” Ó bu omi kún un bó ti ń sọ ọ́.

Màmá Hannah ló kọ́kọ́ dé. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri. Èdè ìlú wa ló sọ, mo kàn ń kọ ọ́ fún ọ bí ẹni tó lọ sí ilé-ìwé ni.

“Rájí, kú ulé o.”

“Ẹ káàbọ̀, Màmá.” Ó fẹ́ dìde, mo di aṣọ rẹ̀ mú.

“Ṣé ara rẹ le? Ọmọ rẹ tó wà ní Òkè-Ìmẹ̀sí ńkọ́?”

“Ó wà, Màmá. Ó ń kí yín.”

“Mo wà lára àwọn tó ní kí wọ́n wó ilé rẹ. Mo ti darúgbó, n kò lè ru ẹrù mọ́, àwọn ọmọbìnrin mi kò sì gbọdọ̀ rù ú bí mo ṣe rù ú. Mo bá ìyá rẹ jẹun nínú ilé yìí. Mo mọ ibi tó sùn sí. Síbẹ̀ náà, mo sọ ọ́.”

Rájí gbé ojú rẹ̀ sókè, ó wò ó. Ó ní, “Mo gbọ́, Màmá. Ẹ ṣeun tí ẹ wá.”

Ó ju ekùrọ́ rẹ̀ sínú igbá, ó mu omi, ó sì jókòó sí ìtòsí láti máa wo bí ìlú yóò ṣe ṣe é. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú láti ọdún tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kó wa lọ gbọ́ ọ, n kò rí ẹni tó sọ fún ẹni tí yóò jìyà rẹ̀ pé òun nìyí, ojú òun nìyí.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Mo fẹ́ kí o fojú inú wò wọ́n, Jacob. Àwọn ènìyàn tó hó bí òjò níwájú ààfin lánàá, àwọn náà ni wọ́n tò sójú títì, tí wọ́n ń nu ẹsẹ̀ kí wọ́n tó gun pèpéle. Ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ ga jù lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ dé, ó ní kú ojúmọ́, ó ní kú ilé, ó ní kú iṣẹ́, ó ní kú ọjọ́ mẹ́ta, títí ìkíni fi tán lẹ́nu rẹ̀. Ó wo igbá. Ó wo Rájí.

“Ṣòkòtò mi ńkọ́?”

“Ó di Túsìdeè.”

“Ó dáa. Kò kánjú.” Ó bá tirẹ̀ lọ, ó ń ju ekùrọ́ rẹ̀ sókè, ó ń hán an.

Ọ̀pọ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kí i, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á mu omi, ọ̀rọ̀ tó gbé wọn wá yóò sì wọ́ padà sínú wọn. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí n purọ́ fún ọ, àwọn mìíràn sọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí a sọ ọ́, wọ́n ju tiwọn, Rájí sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Igbá náà ń kún.

Nígbà tó di ọ̀sán, Elizabeth dé. Òun nìkan ló dá wá. Ó ṣì gbé ọwọ́ lé ikùn bí ẹni tí nǹkan ṣì wà níbẹ̀. Kò rí ìkíni sọ. Ó ní, “Bàbá, wọ́n gbé mi gba iwájú ilé yín kọjá lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin lẹ fún wọn láṣọ tí wọ́n fi bò mí.”

“Èmi ni.”

“Mo fẹ́ kí ọ̀nà gba ibí.”

“Jù ú sí i, ọmọ mi,” ni Rájí wí. “Kò sẹ́ni tó lè bá ọ wí. Jù ú sí i.”

Ó jù ú. Àtinúkẹ́, tó ti ń bínú láti àárọ̀, dìde, ó fi gèlè ara rẹ̀ nu ojú obìnrin náà, wọ́n sì jọ wọ inú ilé lọ. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Ọ̀rẹ́ mi, níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ohun tí à ń wò tóbi ju bóyá ẹnìkan jàre ẹnìkan lọ.

Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, igbá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu, àwọn tó ń bọ̀ sì ti dín kù. Francis dé nígbà náà. Ó wọ aṣọ ogun rẹ̀ pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ. Páànù wà lábẹ́ apá rẹ̀, ó sì di fìlà rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó gbé ẹyin. Ekùrọ́ ló kún inú rẹ̀.

“Rájí, mo kí ọ lórúkọ ìlú. Àwọn ará ìsàlẹ̀ wà lóko. Wọ́n ní kí n bá àwọn ju tiwọn.”

Àtinúkẹ́ ti jáde. Ó kọjú sí Francis, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo igbá. “Bàbá Olúbùnmi, ìlú ti ń wá kí wa láti àárọ̀. Wọ́n mọ ọ̀nà ibí. Ẹyọ kan ni tiyín.”

“Ṣùgbọ́n wọ́n rán mi ni. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ohun tí mo bá sọ ni wọ́n sọ.”

Ó wo Màmá Hannah, ẹni tí wọ́n jọ fẹ́ nǹkan kan náà. Màmá ní, “Àṣà tí o ní ká tẹ̀lé nìyẹn, ọmọ mi. Sọ tìrẹ.”

Francis gbé fìlà náà kalẹ̀. Ó gbé páànù náà kalẹ̀ pẹ̀lú. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, mo sì wá rí i pé n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ gan-an láìsí páànù yẹn láti ọdún pípẹ́. Ohùn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, “Rájí, èmi Francis ni mo fẹ́ kí ọ̀nà gba ibi tí ìyá rẹ sùn.” Ó mú ẹyọ kan nínú fìlà rẹ̀, ó jù ú sínú igbá, omi sì yọ lójú rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un ní wákàtí náà ju gbogbo ìgbà tó ti fi páànù bá wa sọ̀rọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n igbá kò tíì kún. Ó gbé páànù rẹ̀, ó lọ dúró sórí òkúta tó wà ní ìkóríta àdúgbò, ó sì ń ké pe ìlú. Ó ní kí àwọn tó na ọwọ́ jáde wá, ó ní oòrùn ń lọ, ó ní ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ. O mọ bí ohùn náà ṣe ń gbé ènìyàn dìde láti orí oúnjẹ. A ń gbọ́ ọ. Gbogbo ìlú ń gbọ́ ọ. Èéfín oúnjẹ alẹ́ ń jáde ní ilé gbogbo, nítorí náà wọ́n wà nílé. Ilẹ̀kùn kan kò ṣí. Wọn kò kórìíra rẹ̀, wọn kò bú u. Bí wọ́n bá yan olórí lónìí, òun náà ni wọn yóò yàn. Wọ́n kàn wà nínú ilé wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kálukú mọ̀ pé òun kò lè lọ sọ. Ẹnu-Ìlú ń pe ìlú, ìlú ń gbọ́, ìlú kò sì dáhùn.

Lẹ́yìn náà ni a rí àwọn ènìyàn tó wà lójú títì tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n ń kúnlẹ̀, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń tẹ koríko. Kábíyèsí ló ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Kò sí agboòrùn, kò sí onífèrè, ẹmẹ̀wà kan ṣoṣo ló tẹ̀lé e. Jacob, o mọ̀ bí mo ti mọ̀ pé ọba wa kì í lọ sí ilé ẹnikẹ́ni, débi pé yóò dúró lójúlé télọ̀ tó ti Ìkìrun wá. Kò sí ẹni tó sọ pé kó wá. Màmá Hannah pàápàá kò jẹ́ sọ ọ́.

Rájí ti wà nílẹ̀, àyà rẹ̀ lórí eruku.

“Dìde, kí o jókòó,” ni Kábíyèsí wí.

“Kábíyèsí, n kò gbọdọ̀.”

“Onílé ló ń jókòó. Mo gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè lánàá. Ọwọ́ tèmi nìyẹn.”

Èmi àti Àtinúkẹ́ la gbé Rájí sórí àga. Ó jókòó, ọba dúró. Gbogbo àdúgbò ló kúnlẹ̀ tó ń wò ó. Bí wọ́n bá ní kí n ya ohun tí ripọ́blíkì jẹ́ sí ara pátákó ìkọ̀wé, ohun tí n ó yà nìyẹn, tó sì jẹ́ pé adé wà nínú àwòrán náà.

Kábíyèsí kí i. Ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè ọmọ. Ekùrọ́ kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé bó bá jù ú sínú igbá, àwọn tó ń tijú nínú ilé yóò tú jáde tẹ̀lé e, igbá yóò sì kún kí oòrùn tó rì sẹ́yìn òkè. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí fèrèsé wà.

“Ta ló sùn síbẹ̀ yẹn?”

“Ìyá mi ni, Kábíyèsí.”

“N kò bi ọ́ lánàá.” Ó rìn lọ síbẹ̀, ó tẹ orí ba díẹ̀, ó kí ìyá náà bí a ṣe ń kí alágbà. Lẹ́yìn náà ló padà wá síwájú Rájí. Ó ní, “Mo wá sọ fún ọ pé mo wà lára wọn. Mo sì wá sọ fún ọ pé n kò sí lára wọn mọ́.” Ó fi ekùrọ́ náà sínú àpò agbádá rẹ̀, ó yí padà, ó sì lọ sí ààfin lórí ẹsẹ̀ bó ṣe wá. Oòrùn wọ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Jacob, èmi náà ti ka ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ. Ìgbà gbogbo ni mo máa ń rò pé àwọn èrò ni ewu, pé ìwé òfin bíi ti Rótìmí ló ń gbà wá lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn èrò ọjọ́ Jímọ̀ àti àwọn ará ìlú ọjọ́ Sátidé, ẹnìkan náà ni wọ́n. Ojúlé Rájí nìkan ló wà láàárín wọn. Mo rò pé ohun tí o lè sọ fún ẹgbẹ́ rẹ ni pé ará ìlú ló ni ìjọba lóòótọ́, Francis kò ṣì í sọ. Ibi tó ti ṣì í ni pé ó rò pé a lè kó ará ìlú sínú fìlà kan. Òmìnira, bí mo ṣe rí i, ni pé kí ẹnikẹ́ni má lè ṣe ọ́ bó ṣe wù ú, ì báà jẹ́ ọba, ì báà jẹ́ ẹni tí gbogbo ayé fẹ́ràn, ì báà jẹ́ gbogbo ayé fúnra rẹ̀, láìkọ́kọ́ dúró níwájú rẹ kí ó sì kí ọ. Fi àwọn ará Gíríìsì sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ náà, ó ti rẹ̀ wọ́n.

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni iná ti ń jó lórí àpáta ẹ̀yìn ọjà. Àwọn ọkùnrin ń to igi, àwọn obìnrin ń da omi, òkúta ń sán bí ìbọn. Francis ló ń darí iṣẹ́, bí àṣà rẹ̀. Màmá Hannah ń kùn pé kò yá. Bóyá ọ̀nà yóò dé ọjà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, bóyá kò ní í dé, n kò mọ̀, aboyún mìíràn sì wà ní ìlú yìí tó ń ka oṣù. Ìyẹn kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀, n kò sì fẹ́ kó balẹ̀.

Bá mi kí Ìyá Mojísọ́lá. Bá mi kí Mojísọ́lá. Bá mi kí gbogbo àwọn ará wa tí ẹ jọ ń ṣe ìpàdé ní Ìbàdàn, kí o sì sọ fún wọn pé ọrẹ òòlù ni a fẹ́ báyìí, kì í ṣe lẹ́tà ìkíni kú oríire. Ìyàwó mi àti gbogbo ará ilé wa ń kí yín.

Mo gbọ́dọ̀ dá ọwọ́ dúró níbí. Rájí wà lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ti wọ agbádá tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ó ní gbogbo àwọn tó wá kí òun lòun ní láti lọ kí padà, pàápàá jù lọ àwọn tó ju ekùrọ́, ó sì fẹ́ kí n tẹ̀lé òun. Ilé Elizabeth la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti ọjọ́ kíláàsì,

Abíọ́dún Olúrántí.